Ọjọ́ Tí A Gbàgbé Ìyá Mi sí Erékùṣù

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Afárá.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó kán yẹn ti hù padà? Ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn ò pa ọ́ lára jù? Mo ní kí o máa sinmi o, iṣẹ́ ò lè tán láyé. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń mu, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Ìyá rẹ wà, ìyá mi náà wà, àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mo tètè sọ ìyẹn ná kí àyà rẹ má baà já. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga. Bí o bá sì ń mu tíì lọ́wọ́, gbé ife yẹn sílẹ̀.

Lánàá, a gbàgbé ìyá mi sí àárín omi.

O kà á dáadáa, ojú rẹ ò ṣe ọ́. Ìyá mi, àbúrò ìyá rẹ, odidi àgbàlagbà tó ní orúkọ níwájú tó ní lẹ́yìn. A wọ bọ́ọ̀sì, a lọ, a fi wọ́n sílẹ̀ lórí erékùṣù. Ta ló sì sọ pé wọ́n wà nínú ọkọ̀? Ìyá rẹ ni. Dúró ná, má tíì pariwo, jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ lo fa gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo kọ̀wé pé bí ìyá rẹ bá fi lè wọ bàlúù wá bá ọ ní ìparí oṣù yìí láìjẹ́ pé òun àti àbúrò òun bá ara wọn sọ̀rọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó parí nìyẹn, nítorí àwọn méjèèjì ti dàgbà, a ò sì mọ̀ bóyá ìyá rẹ tún ń padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí oorun kùn mí. O wá fi kún un pé kí n mú wọn kúrò nílùú fún ọjọ́ kan péré, lọ síbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè gbá mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Mo ní ọmọ yìí mà gbọ́n o.

Nítorí bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀ náà ni wọ́n wà. Ìyá rẹ ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, àwa ń gbé òkè, ilé ìdáná kan la jọ ń lò, èmi ni mo sì ń ru ọ̀rọ̀ láàárín. Ìyá rẹ á dúró nídìí iná, ìyá mi á dúró nídìí fèrèsé, bí ẹni kan bá na ọwọ́ á kan ẹnìkejì. Ìyá rẹ á ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ ti tán." Ìyá mi á ní, "Sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ pé mo ti gbọ́." Èmi á dúró láàárín bí òpó. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, ojú á gbà mí tì.

O mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àná padà sí. Nígbà tí ìyá wọn kú, ìlú mìíràn ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. A ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n gbéra, ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Kí wọ́n tó dé, òkú ti wọlẹ̀, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ sì ti ń fọ ọwọ́. Ìyá rẹ ní òjò ló ṣú, àwọn àgbà ló ní kí a má dúró mọ́. Ìyá mi ò gba ti òjò, wọn ò gba ti àgbà. "Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró dè mí" ni orin wọn láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ náà ò sì fìgbà kan sọ pé kí wọ́n má bínú, torí tí wọ́n bá ń pín agídí, ìdílé tiwa kì í fi abọ́ kékeré gbà á.

Obìnrin kan wà níbí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Fèrè. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wọn báyìí ni pé kí wọ́n máa kó àwa ará ìlú ńlá tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa jáde lọ́jọ́ Àìkú, kí a lọ fi imú gba afẹ́fẹ́ gidi, kí a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń kó ènìyàn lọ: òkè olókùúta kan, ọgbà òdòdó kan, àti adágún kan tó ní erékùṣù láàárín. Ti òkè, orúnkún ìyá rẹ ò gbà. Ti ọgbà, ìyá mi ní òdòdó ń mú àwọn sín. Ó ku adágún. Kí a jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kí a wọ ọkọ̀ ojú omi díẹ̀, kí a jẹ búrẹ́dì àti ẹja díndín lábẹ́ igi, kí a máa bọ̀ nílé. Mo ní kí ló tún rọrùn tó báyìí? Háà, ẹnu mi náà ni mo fi sọ ọ́!

Ìyá Fèrè kì í ka orí o. Wọ́n ní ará ìlú ńlá ò ṣeé kà, bí o bá ka mẹ́ta, méjì á ti bọ́ọ́lẹ̀ lọ ra nǹkan. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á so wá pọ̀ ní méjì-méjì láàárọ̀. Bí ó bá di àkókò àtilọ, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á sì máa bi ẹnì kan nínú méjì-méjì náà léèrè ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáhùn fún ara rẹ̀. Ìwọ lo máa wo ẹnìkejì rẹ kí o tó sọ pé, "Ó wà." Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ṣe é, àwọn ò gbàgbé adìyẹ sẹ́yìn rí, ká má tíì sọ ènìyàn.

Mo yọ́ lọ bá wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ìyá méjèèjì yìí pọ̀. Ìyá rẹ gbọ́, wọ́n ní, "Sọ fún Ìyá Fèrè pé mo lè dá wà." Ìyá mi ní kí n sọ pé àwọn náà lè dá wà. Ìyá Fèrè fọn fèrè sí wọn létí, fííì! Wọ́n ní nínú ọkọ̀ àwọn, kò sẹ́ni tó ń dá wà. Ni wọ́n bá gbà, àmọ́ wọn ò jókòó pọ̀. Ìyá rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá mi lọ jókòó sẹ́yìn wọn gan-an, kí wọ́n má baà rí ojú ara wọn. Èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, torí bí mo bá jókòó sẹ́yìn, ọkọ̀ máa ń mú mi bì. Ẹnìkejì tèmi ni ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, tó gbé fóònù sókè láti ìlú títí dé adágún, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ dára. Bí a ṣe jáde kúrò láàárín àwọn ilé gogoro, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju òpó iná lọ, àwọn ènìyàn ò pariwo mọ́, dírẹ́bà náà pa rédíò. Omi yẹn tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Ìyá rẹ tó ń bẹ̀rù omi di apá mi mú nínú ọkọ̀ ojú omi débi pé àmì èékánná wọn ṣì wà lára mi. Lórí erékùṣù, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà lábòòji. Àwọn méjèèjì jókòó sí i, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ọ̀kan ń wo omi, ìkejì ń wo igi. Nígbà tó yá, ìyá rẹ ní, "Sọ fún ìyá rẹ kó sún mọ́ ìhín, oòrùn ń pa á lórí." Ìyá mi sún. Inú mi ń jó! Ẹja dé, ìyá mi bu ibi tó lẹ́ran jù, wọ́n gbé e sínú abọ́ ìyá rẹ. Ìyá rẹ jẹ ẹ́. Mo ti ń ro bí màá ṣe kọ lẹ́tà ayọ̀ sí ọ.

Nígbà náà ni ìyá mi wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, "Ọkọ̀ òfuurufú á sì gbé wọn lọ ní ìparí oṣù." Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀, ìyá rẹ náà mọ̀. Ìyá rẹ ń bá egungun ẹja wọn lọ. Ìyá mi dúró díẹ̀, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n dìde, wọ́n lọ sápá ibi tí igi àti àtíbàbà atukọ̀ wà.

Kò pẹ́ ni Ìyá Fèrè fọn fèrè. Ọkọ̀ ojú omi yẹn ò lè gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan. Èmi àti Ìyá Fèrè bá ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ẹrù, agbọ̀n ìyá mi wà lára rẹ̀, àwọn tó kù bá ti ẹ̀ẹ̀kejì bọ̀. Mo gbé agbọ̀n sórí ìjókòó wọn, mo lọ síwájú, oorun ti ń kùn mí. Mo ń gbọ́ Ìyá Fèrè tí wọ́n ń pè wá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí léèrè ẹnìkejì mi, mo wo ọlọ́fóònù, mo ní, "Ó wà." Ó kan ìyá rẹ: "Màmá, ẹnìkejì yín ńkọ́?" Ìyá rẹ ò yí ọrùn, ojú fèrèsé ni wọ́n kọ sí. "Ó wà." Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá Fèrè sì gbà á, torí òfin wọn ni pé ẹnìkejì kì í parọ́. A gbéra.

Mo sùn títí dírẹ́bà fi yà lọ ra epo. Wọ́n ń ta ọsàn níbẹ̀, mo ra díẹ̀, mo ní kí n lọ fún ìyá mi ní tiwọn. Mo débẹ̀, mo bá agbọ̀n. Síkáàfù wọn wà lórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ lọ tọ̀ ni. Mo ní, "Màmá, ìyá mi dà?" Ìyá rẹ ní, "Ó wà lẹ́yìn mi." Mo ní, "Ẹ yí ọrùn."

Ìyá rẹ yí ọrùn. Ojú tí wọ́n fi wo àga yẹn, Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀ mọ́. Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń yí lọ lábẹ́ àga. Wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ látàárọ̀." Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn patapata wúkọ́. Ó jẹ́ pé ikọ́ bàbá náà ni wọ́n ti ń fetí sí! Wọn ò wo ìyá mi, àmọ́ gbogbo ọ̀nà ni etí wọn fi wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Ìyá rẹ dìde, wọ́n figbe ta, "Àbíkẹ́yìn!" Mo dàgbà tó yìí, n ò gbọ́ kí wọ́n pe ìyá mi lórúkọ yẹn rí.

Mo pe fóònù ìyá mi, inú agbọ̀n ló ti ń dún. Mo tú agbọ̀n náà, mo rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò nírọ̀lẹ́. Ìyá Fèrè ká ọwọ́ mọ́ orí, wọ́n ń sọ pé, "Wọ́n ní ó wà, wọ́n ní ó wà." Ẹnì kan ní iṣẹ́ wà lọ́la, ṣé a ò lè wá ẹni tó máa lọ gbé wọn ni. Eyínfúnjowó, ìyá rẹ dúró ní àárín ọkọ̀, wọ́n di àga mú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ padà, ilẹ̀kùn nìyẹn, kó bọ́ọ́lẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn, àbúrò àwọn ni. Ọlọ́fóònù ló kọ́kọ́ ní, "Dírẹ́bà, yí ọkọ̀."

Oòrùn ti ń wọ̀. Dírẹ́bà sọ fún wa pé atukọ̀ kì í pẹ́ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sílé, bí ó bá sì ti lọ, ó di ọjọ́ kejì. Mo rò ó wò: ìyá mi nìkan, láìsí fóònù, láìsí oògùn, láàárín omi. Ìyá rẹ ò jókòó mọ́ títí a fi dé. Ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "Èmi ni mo ní ó wà. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́."

A bá atukọ̀ tó ti so ọkọ̀ mọ́ igi, tó ń fọ ẹsẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní òun rò pé ìyá náà bá ti àkọ́kọ́ lọ ni. Kó tó tú okùn tán, ìyá rẹ ti wọ inú omi tòun ti bàtà, wọ́n ti di etí ọkọ̀ mú, wọ́n ń gòkè. Ẹni tó ń bẹ̀rù omi! Wọn ò di apá mi mú lọ́tẹ̀ yìí. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ọrùn.

Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n kọ ojú sí igi. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ wa, wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ pé ó pẹ́ kí wọ́n tó dé." Mo ti fẹ́ la ẹnu, nítorí ó ti mọ́ mi lára, ni ìyá rẹ bá fi ọwọ́ gbá mi sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Má bá mi sọ nǹkan kan fún un. Èmi fúnra mi ni mo wà níbí." Wọ́n lọ dúró níwájú ìyá mi, omi ń kán lára aṣọ wọn. Wọ́n ní, "Àbíkẹ́yìn, mo fi ọ́ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí. Òjò kọ́, àwọn àgbà kọ́. Ó yẹ kí n dúró dè ọ́. Má bínú."

Ìyá mi bú sẹ́kún, ìyá rẹ bú sẹ́kún, Ìyá Fèrè tí ọ̀rọ̀ ò kàn náà bú sẹ́kún. Èmi? Ẹnu mi là sílẹ̀ ni, mo jókòó sórí koríko. Ẹnu tí èmi àti ìwọ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Bí a ṣe ń padà bọ̀, àga kan ni wọ́n jọ jókòó sí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá wọn, wọ́n ń jà lórí irú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ kan báyìí. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, àwọn àgbà ò parọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ìyá mi jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bá mi rán bọ́tìnì. Wọ́n dédé sọ pé, "Mo gbọ́ fèrè náà o." Mo ní fèrè wo? Wọ́n ní ti erékùṣù. Ẹ̀yìn àtíbàbà atukọ̀ ni wọ́n sá pamọ́ sí! Wọ́n ní àwọn sọ nínú ara àwọn pé bí ẹ̀gbọ́n àwọn bá fi lè wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn á jáde. Ọkọ̀ gbéra, ìyá rẹ ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde. Àgbàlagbà! Mo ká ọwọ́ mọ́ orí, abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí lójú. Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́ létí ìyá rẹ, àwọn ò bí mi.

Mo gbé tíì sọ̀kalẹ̀ fún ìyá rẹ, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo bá wọn tí wọ́n ń kó aṣọ jáde nínú báàgì ńlá tí wọ́n ti dì sílẹ̀ de ìrìnàjò. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "O rí bàtà rẹ̀ bó ṣe tò ó? Ẹni tí a gbàgbé ò ráyè to bàtà. Láti kékeré ló ti máa ń sá pamọ́ kí n lè wá a. Má sọ fún un pé mo mọ̀." Ọ̀rẹ́ mi, mo tún ti di òpó láàárín, àṣírí ni mo ń rù báyìí. Pa ẹnu rẹ mọ́ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tú ẹrù sí. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé àwọn ò wá ní ìparí oṣù yìí mọ́. Àbíkẹ́yìn ò tíì ní páásípọ́ọ̀tù. Ọjọ́ tó bá gbà á ni àwọn méjèèjì máa jọ wọ bàlúù. Nítorí náà má lọ pàdé ẹnikẹ́ni ní pápákọ̀ òfuurufú, kí o sì wá bẹ́ẹ̀dì kan kún èyí tó wà nílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fi ẹnu kan ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi. Kí aládùúgbò rẹ tó ń bá ọ tọ́jú rẹ̀, sọ fún un pé a ń gbọ́ ìròyìn rere rẹ̀. Ìyá Fèrè ní kí n kí ọ, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ojú ara àwọn ni àwọn á fi máa wo àga lẹ́yìn tí ẹnìkejì bá ti dáhùn.

Mo fẹ́ fi bíírò sílẹ̀, torí ariwo ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Ìyá rẹ ni. Wọ́n ń pariwo, "Àbíkẹ́yìn, iyọ̀ ti tán! Mo ń jáde lọ rà á!" Mo ti ń dìde láti lọ jẹ́ iṣẹ́ náà kí n tó rántí pé kì í ṣe èmi ni wọ́n pè. Ìyá mi ń wá bàtà kiri lábẹ́ àga, wọ́n ń dáhùn láti òkè, "Mò ń bọ̀, ẹ dúró dè mí!"

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìyá rẹ wà lẹ́nu géètì, wọ́n dúró.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹnu mi ò tíì padé,

Alábẹ́rẹ́